Ẹ̀kán Méjì Lórí Àwo Gbígbọ̀n

Mi ò mu ọtí lọ́jọ́ náà. Mi ò sùn lójú iṣẹ́. Mo jẹun àárọ̀, awò ojú mi sì wà lójú mi. Mo ń tètè sọ èyí nítorí mo mọ ẹnu àwọn èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ojú mi méjèèjì ló rí i, mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní bù kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà mí gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kó máa lọ, kò sí ìjà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi, kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́ bó ṣe dojú rú mọ́ èmi. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò ní fèrèsé. Ilẹ̀kùn kan, tábìlì méjì, fíríìjì kan, àga mẹ́ta tí ọ̀kan nínú wọn ń mì. Orí tábìlì ọwọ́ ọ̀tún ni àwo wa máa ń wà. Kì í ṣe àwo ọbẹ̀ o. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó ń dán bíi dígí, wọ́n sì to irin tín-ín-rín sí etí rẹ̀ bí eyín òòyà. Bí a bá tan iná sí àwọn irin yẹn, ojú àwo náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbígbọ̀n ọ̀hún kéré débi pé ojú kì í rí i, etí kì í gbọ́ ọ, ọwọ́ kì í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá kán ẹ̀jẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ á gbéra, á máa rìn.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, wọ́n ń sanwó oṣù fún mi lórí ẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ tí kò tó orí ìṣó kékeré, kò sí ohun tó ń tì í, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ibi tí gbígbọ̀n bá darí rẹ̀ sí ló ń lọ. Ọ̀nà méjì ló wà lójú àwo náà, ọ̀kan lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún. Ní ìparí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, a ti fi oògùn gbígbẹ díẹ̀ kín-ń-kín sí i. Àwa a máa pe ibẹ̀ ní ilé. Bí ẹ̀jẹ̀ bá délé tó bá dì, àìsàn ṣì wà lára ẹni tó ni ín. Bí ó bá délé tí kò dì, ara ti dá. Dókítà á gba èsì, èmi á fọ tábìlì mi, á tún kan ẹlòmíràn.

Òfin méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́: ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kì í dá rìn. Ọ̀nà òsì ni tirẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tún, ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ á gún ìka ara rẹ̀, á kán ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹlẹ́rìí là ń pè é. Àwa tí à ń ṣe ẹlẹ́rìí, wọ́n ti yẹ̀ wá wò, ara wa le. Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́rìí bá lọ dì, a mọ̀ pé àwo ló ń ṣarán, kì í ṣe aláìsàn. Òfin kejì: o kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí fún ará ilé rẹ. Bí o bá rí orúkọ ẹni rẹ lára ìgò, dìde lórí àga, kí ẹlòmíràn jókòó.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo bi ọ̀gá wa pé kí ló fà á. Ọ̀gá wa yìí, Bàbá Ẹ Rọra là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀. O ṣílẹ̀kùn, ẹ rọra. O gbé ife, ẹ rọra. O sín, ẹ rọra. Ó wò mí lókè awò ojú rẹ̀.

Ó ní, “Mo bá òfin yẹn níbẹ̀ ni.”

Mo rò pé ó ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Mo ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo. Ìyá kan, bàbá kan. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ, ẹ̀yìn mi ló ti kọ́kọ́ mọ ọ̀nà. Aláwàdà èèyàn ni, kò sí ohun tí kò lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Ní èṣí, àìsàn kan wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fi oògùn sí i nínú iṣan fún oṣù mẹ́rin. Irun rẹ̀ re. Ó ń bì, ó ń bì, títí kò fi sí ohun tó kù láti bì. Ó dé ibi tí kò lè di ṣíbí mú mọ́, èmi ni mò ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n bá ní ó ṣì kù, mi ò ṣe é mọ́.”

“O ò ṣe kí ni?”

“Mi ò gba oògùn yẹn mọ́. Ẹ gbé mi lọ sílé.”

“Ṣé o fẹ́ kú ni?”

“Mo fẹ́ sùn.”

Mo dúró kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bínú, mo sọ̀rọ̀ líle sí i, mo jáde lọ sunkún nínú ilé ìyàgbẹ́ wọ́ọ̀dù.

Nítorí náà, ẹ ti mọ ohun tó wà nínú ìgò tí wọ́n gbé wá fún wa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ni. Bí ó bá dì, á lọ sílé lọ kú. Bí kò bá dì, á wà láàyè. Dókítà ti fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ti bá mi sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé kí n má fi ọkàn sí i jù.

Ó yẹ kí n dìde lórí àga. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ẹ Rọra ti lọ sí ìpàdé kan tí kò ní tán títí dìrọ̀lẹ́. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ọmọbìnrin tí à ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, wà ní ìsinmi. Ó kan èmi nìkan. Mo lè dúró dọ̀la. Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pàápàá wà nínú fíríìjì tí mo lè fi ṣe ẹlẹ́rìí, orí mi ò rán mi síbẹ̀. Ìkánjú ni àbí àìfararọ, ẹ bá mi wá orúkọ fún un. Mo ṣáà sọ fún ara mi pé, kí ni ẹ̀kán kan fẹ́ ṣe?

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo gún ìka òrùka mi ọwọ́ òsì. Mo kán àbúrò mi sí ọ̀nà òsì, mo kán ara mi sí ọ̀nà ọ̀tún. Mo tan ẹ̀rọ. Mo tẹ ojú mọ́ awò tó máa ń sọ ohun kékeré di ńlá fún wa.

Wọ́n gbéra. Wọ́n ń lọ dáadáa. Ìrìn wọn bá ara mu. Mo ń sọ nínú mi pé má dì, má dì, jọ̀ọ́ má dì.

Ní àárín ọ̀nà, àwọn méjèèjì dúró.

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mo fi kún agbára ẹ̀rọ. Wọn ò mira. Mo tún fi kún un. Wọn ò mira. Ohun tí a máa ń ṣe nígbà náà ni pé ká pa ẹ̀rọ, ká sinmi díẹ̀, ká tún bẹ̀rẹ̀. Mo pa á.

Fíríìjì náà dákẹ́ lásìkò kan náà. Ẹ mọ bí yàrá ṣe máa ń rí bí fíríìjì bá dákẹ́. Ariwo tí o ò mọ̀ pé o ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni wàá mọ̀ pé ó ti lọ. Ó wá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ń gbọ́ èémí mi.

Ẹ̀kán tó wà lósì yí padà.

Mo ní, “Ha.”

Mo wo bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Ó wà ní pípa. Mo dìde, mo fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri. Mo di orí wáyà náà mú lọ́wọ́, mò ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó ka lẹ́tà. Mo tún jókòó, mo tún wo ojú awò. Èyí tó wà lọ́tùn-ún náà ti yí padà. Wọ́n ti kọjú sí ara wọn. Ẹ lè bi mí pé ibo ni ojú wà lára ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀. Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá wo ohun tí mo wò, ẹ máa mọ̀ pé wọ́n kọjú sí ara wọn.

Kò sí ọ̀nà láàárín àwọn méjèèjì. A ti fi nǹkan pa ojú àwo níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi kankan lè gbà á kọjá. Wọ́n gbà á kọjá. Wọ́n ń bọ̀ jẹ́jẹ́, kò yá, kò falẹ̀. Wọ́n pàdé. Kò sí ìró kankan. Wọ́n di ẹyọ kan.

Ìka tí mo gún bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Ooru gba inú rẹ̀ wọlé, ó gun ọwọ́ mi dé ìgbúnwọ́. Eyín mi ń jẹ́rìí ohun kan tí etí mi ò gbọ́. Ẹnu mi là, ọ̀rọ̀ kan sì jáde, èmi ni mo sọ ọ́ o, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Mo ní, “Ẹ rọra.”

Mi ò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ó tó bí ìṣẹ́jú kan. Ẹyọ kan náà wá gùn, àárín rẹ̀ tín-ín-rín, ó já. Ó tún di méjì, wọ́n dọ́gba. Ọ̀kan gba òsì. Ọ̀kan gba ọ̀tún. Ẹ̀rọ wà ní pípa, wáyà wà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì rìn délé láìsí ẹni tó darí wọn. Ti òsì kò dì. Ti ọ̀tún dì. Ó dì dúdú, ó le gbagidi.

Mo jókòó. Mo ń rò ó. Òsì ni àbúrò mi, nítorí náà àbúrò mi kò ní nǹkankan. Ọ̀tún ni èmi. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Nígbà tí wọ́n jọ di ẹyọ kan ńkọ́? Ta ló jáde gba òsì? Ta ló jáde gba ọ̀tún? Bí ìdajì èmi àti ìdajì òun bá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ńkọ́, ìdajì ta ló dì? Mo rò ó títí orí fi ń fọ́ mi. Mi ò rí ibi tí mo lè dì í mú.

Òfin sọ pé ká sọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ nù. Mo sọ ọ́ nù. Mo mú àwo tuntun. Mo dà bí ẹni tó fi ojú kan àkúdàáyà ní ọ̀sán gangan, ọgbọ́n wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo wá rántí ẹ̀jẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nínú fíríìjì. Mo fi í ṣe ẹlẹ́rìí. Mo bu ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi láti inú ìgò rẹ̀. Ó délé, kò dì. Mo tún un ṣe, kò dì. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, kò dì. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé kò sí àìsàn. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é.

Mi ò ṣe tèmi. Mo nu tábìlì.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ sí wọ́ọ̀dù. Àbúrò mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń jẹun. Dókítà ti sọ fún un. Ó dì mọ́ mi, ó sunkún, ó fi aṣọ mi nu imú, ó ní kí n má bínú, aṣọ náà kò dára tẹ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kan ṣe mí lọ́sàn-án.”

“Kí ló ṣe ọ́?”

“Ẹnìkan wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò sùn o, ojú mi là kedere. Bẹ́ẹ̀dì tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó tì ọ́. Mi ò rí èèyàn.”

“Oògùn ni.”

“Ó sọ̀rọ̀.”

“Kí ló sọ?”

“Ó ní kí n rọra. Ohùn yín ló fi sọ ọ́.”

Mo bi í pé aago mélòó ni. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó abọ́ oúnjẹ ọ̀sán lọ ni. Mo ní kó máa jẹun, oúnjẹ ń tutù.

Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Ó ń pè mí lórí fóònù láràárọ̀ kó lè ka ohun tó jẹ fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ìròyìn. Inú mi ń dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi ń dùn gan-an ni. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, mi ò fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Lónìí mo ní ìka ń dùn mí. Lọ́la mo ní mo ti wọ ìbọ̀wọ́, kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bá mi kán tirẹ̀. Ó ń kán an, ó ń wò mí.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo dúró kí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán. Mo gún ìka mi, mo fi ẹ̀jẹ̀ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí, mo kán tèmi sí òsì. Ọ̀nà òsì, ọ̀nà aláìsàn. Ó délé. Ó dì.

Mo tún un ṣe. Kò dì.

Mo tún un ṣe. Ó dì.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ìka kan náà, kò tó wákàtí kan. Nígbà tí Bàbá Ẹ Rọra wọlé, mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni.

Mo ní, “Ọ̀gá, bí ẹ̀jẹ̀ kan bá dì lẹ́ẹ̀kan, tí kò dì lẹ́ẹ̀kejì ńkọ́, sà?”

“Àwo ni.”

“Mo pààrọ̀ àwo.”

“Oògùn ni.”

“Mo pààrọ̀ oògùn.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún fún ìgbà pípẹ́. “Ta lo ṣe ẹlẹ́rìí fún?”

Mo kọjú sí fíríìjì.

“Ará ilé rẹ ni?”

“Ọ̀gá, kí ló máa ń ṣẹlẹ̀?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ mọ̀, sà.”

“Mo ní mi ò mọ̀. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n má ṣe é. Mi ò ṣe é rí. Ìwọ lo ṣe é. Ìwọ ló yẹ kó sọ fún mi.”

Ohùn rẹ̀ lọ sókè. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí. A jọ jókòó síbẹ̀, èmi àti òun, bí àwọn tí ọkọ̀ já sílẹ̀ ní ibi tí wọn ò mọ̀. Mo lọ sí ilé àyẹ̀wò mìíràn, jìnnà sí tiwa. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n ní èsì náà kò ṣe é kà, kí n padà wá. Mo padà lọ. Wọ́n ní kò ṣe é kà. Ọmọbìnrin tó gbé èsì fún mi tọrọ àforíjì bí ẹni pé òun ló bà á jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ní ọ̀sán, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn yàrá wa. Àbúrò mi ni. Ó gbé ọsàn wá sínú àpò. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kí i, ó bọ́ síta, ó yá jù. Mo wá mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti jọ sọ̀rọ̀.

Ó jókòó sórí àga tó ń mì. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ẹ ti rù.”

“Iṣẹ́ ni.”

“Irọ́ ni. Ẹ ò fi ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Kí ló dé?”

Mo ní kí n parọ́, ẹnu mi kọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí ni mo ṣe sọ ọ́ fún un. Mo rò pé á fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó gbé àpò ọsàn sílẹ̀.

Ó ní, “Mo wá gba nǹkan mi.”

“Nǹkan rẹ wo?”

“Àìsàn mi tó wà lára yín. Ẹ mọ̀ ọ́n.”

“O ò ní gba nǹkankan. O sọ fún mi pé o ò ní gba oògùn yẹn mọ́.”

“Mo ti yí ọkàn padà. Màá gbà á.”

“O ń parọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní, “mò ń parọ́. Ẹ̀yin náà ti parọ́ fún mi fún ọ̀sẹ̀ méje.”

Mo dìde pé kí n mú un lọ́wọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi oṣù mẹ́rin gbé láàárín abẹ́rẹ́, ó mọ ibi tí abẹ́rẹ́ máa ń wà. Ó ti mú ọ̀kan láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ó ti gún ìka rẹ̀. Kí n tó yí tábìlì ká, ó ti kán an sójú àwo. Kò kán an sósì, kò kán an sọ́tùn-ún. Àárín gbùngbùn ló kán an sí.

Ẹ̀rọ wà ní pípa. Ẹ̀kán náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó lọ síwájú díẹ̀, ó padà. Ó lọ sápá kan, ó padà. A ò lo awò, ojú lásán la fi ń wò ó. Ó ń wá nǹkan. Àbúrò mi kò mí.

Mo na ọwọ́ pé kí n nù ún nù. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí, nítorí ibí ni àwọn èèyàn kì í ti gbà mí gbọ́. Mi ò gún ara mi. Ojú ibi tí mo ti gún ní ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú, lórí ìka òrùka mi, tó ti jinná, tí kò tilẹ̀ ní àpá mọ́, ó là. Kò dùn mí. Ẹ̀kán kan bọ́ láti ibẹ̀ sójú àwo, mo sì ń wò ó bó ṣe ń bọ́.

Wọ́n pàdé. Wọ́n di ẹyọ kan. Ooru gun ọwọ́ mi, mo sì rí i pé àbúrò mi náà di ìgbúnwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n gùn, wọ́n já, wọ́n di méjì. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò lọ sílé. Wọ́n dúró láàárín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àbúrò mi ní, “Èwo ni tèmi?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ẹ wò ó dáadáa.”

“Mò ń wò ó.”

Ẹ̀kán tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin ló máa ń gbà kó tó gbẹ. A dúró ìṣẹ́jú mẹ́rin. A dúró ìdajì wákàtí. Ó bó ọsàn kan, ó pín in fún mi, a jẹ ẹ́ lórí ìdúró, a ò gbé ojú kúrò. Wọn ò gbẹ. Bàbá Ẹ Rọra wọlé, ó bá wa bẹ́ẹ̀. Mo retí kó ní ẹ rọra. Kò sọ ọ́. Ó wá ìdérí dígí, ó dé e lórí àwo náà, ó gbé e wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tì í, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Ó ní, “Má ṣe nù ún o. Mi ò mọ ẹni tí wàá nù.”

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án báyìí tí wọ́n ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn ò gbẹ. Àbúrò mi náà ti lọ ṣe àyẹ̀wò níta, wọ́n ní èsì tirẹ̀ kò ṣe é kà. Tèmi náà kò ṣe é kà. Dókítà ní kí àwa méjèèjì máa ṣọ́ra, èmi ò mọ ohun tí à ń ṣọ́. Àbúrò mi kì í ka oúnjẹ fún mi mọ́ bó bá pè láàárọ̀. Ìbéèrè kan ló máa ń bi mí.

“Ṣé wọ́n ti délé?”

“Wọn ò kúrò lójú kan.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n lọ jẹun.”

Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é lójoojúmọ́. Láàárọ̀ àná, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kí n tó bọ́ àpò lọ́rùn. Mo gbé àwo náà sábẹ́ awò. Ọ̀kan wà níbi tó wà. Èkejì ti kúrò. Kò lọ jìnnà, kò ju fífẹ̀ irun kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti kúrò, ó sì kọjú sí ilé. Mo wò ó títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ń wá àmì kan lára rẹ̀, ohun yòówù tó lè sọ fún mi pé èmi ni àbí òun ni. Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó pupa.

Fóònù dún.

Ó ní, “Ṣé wọ́n ti délé?”

Mo ní, “Wọn ò kúrò lójú kan.”

Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó.

“Ó dáa,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí n lọ jẹun.”

Ó gbàgbé láti pa fóònù. Mo ń gbọ́ bí ṣíbí rẹ̀ ṣe ń kan abọ́. Mi ò pa tèmi náà. Mo dúró síbẹ̀, ojú mi wà lórí àwo, mo tẹ́tí sí i títí ó fi jẹun tán.